Ilé oúnjẹ kékeré àdúgbò ní Japan: báwo la ṣe ń wọlé, kí là ń rà, kí là ń yẹra fún?

Ọmọ_Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kawaguchi, ní Saitama, nítorí iléèwé ni. Láti ìgbà tí mo ti dé, oúnjẹ inú ike tí wọ́n ń tà ní konbini (ilé ìtajà kékeré àdúgbò) ni mò ń jẹ, ó sì ti sú mi. Ilé oúnjẹ kékeré kan wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí mò ń gbà. Aṣọ búlúù kan rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì ní gbogbo ìgbà, ẹ ò lè rí ẹni tó wà nínú. Tó bá di ọ̀sán, àwọn òṣìṣẹ́ á tò síta níbẹ̀, òórùn ẹja yíyan á sì gba gbogbo títì. Èdè wọn tí mo gbọ́ kò kọjá kí n kí ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń wọ irú ibẹ̀? Ṣé èèyàn kàn lè wọlé kó jókòó ni? Èló ni kí n mú dání? Mùsùlùmí sì ni mí, mi ò fẹ́ ṣèèṣì jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá_Kòfó (Nerima, Tokyo)

Àbúrò, káàbọ̀. Aṣọ yẹn, noren ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti wà níta, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Tí wọ́n bá ti ká a wọlé, ọjà ti tán fún ọjọ́ náà nìyẹn, kódà kí iná ṣì máa tàn nínú. Ilẹ̀kùn wọn, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń fà á sí, má ṣe máa tì í síwájú. Bó o bá ti yọjú báyìí, gbogbo wọn á kígbe pé "irasshaimase!" Ìkíni ni, wọn ò retí kó o dáhùn. Mi orí díẹ̀, ó tó. Wọn á bi ọ́ pé ẹ̀yin mélòó. Gbé ìka kan sókè. Ẹni tó bá dá wá, ìdí káńtà ni wọ́n sábà máa ń fi sí, níwájú ẹni tó ń se oúnjẹ gan-an. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, torí kò sí ohun tí wọ́n máa ṣe sí ẹja rẹ tí o ò ní rí.

Ọ̀sán ni kó o lọ. Láti nǹkan bí 11:30 sí agogo méjì, irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ máa ń ta teishoku. Tíréè kan ni wọ́n á gbé wá síwájú rẹ: abọ́ ìrẹsì lápá òsì, ọbẹ̀ miso (tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà tó ti kan ṣe) lápá ọ̀tún, àwo ẹja tàbí ẹran lẹ́yìn wọn, àti àwo pẹ́pẹ́ẹ́pẹ́ kan tó ní ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi iyọ̀ pa sínú. Nígbà míì wọ́n á fi tófù díẹ̀ sí i. Owó kan ṣoṣo lo máa san fún gbogbo rẹ̀. Níbi tí mò ń gbé, 800 sí 1,000 yen ni, àwọn arúgbó kan sì wà tí wọ́n ṣì ń tà á ní 700. Omi tútù àti tíì, ọ̀fẹ́ ni. Má lọ lálẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, torí ilé kan náà yẹn, tó bá di alẹ́, wọ́n á máa ta oúnjẹ lẹ́yọ lẹ́yọ pẹ̀lú ọtí, ẹja kan náà á sì wọ́n sí i.

Tí o ò bá lè ka ohunkóhun lára ògiri, wá pátákó kékeré tí wọ́n fọwọ́ kọ síta. Bó o bá rí 日替わり lára rẹ̀, oúnjẹ ọjọ́ yẹn nìyẹn. Òun ló sábà máa ń dínwó jù, òun ló sì máa ń tètè délẹ̀. Nawọ́ sí i, kó o ní "kore kudasai". Ó parí.

Aláájì_Ìsẹ́yìn

Ẹ kú àlàyé, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n dá yín dúró díẹ̀ lórí oúnjẹ ọjọ́ yẹn, torí arákùnrin wa ní Mùsùlùmí lòun. Ẹlẹ́dẹ̀ lọ̀pọ̀ ìgbà! Shogayaki, ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi atalẹ̀ dín ni, ṣàṣà sì ni ilé teishoku tí kò ní in. Tonkatsu, ẹlẹ́dẹ̀. Gyoza, ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Hanbāgu tí ẹ máa rò pé màlúù lásán ni, ọ̀pọ̀ wọn ló pa méjèèjì pọ̀. Ọbẹ̀ kan wà tó jọ miso, tonjiru lorúkọ rẹ̀. Ẹ máa rí kárọ́ọ̀tì nínú rẹ̀, inú yín á dùn, àfìgbà tí ẹ bá bọ́ síbi tí ẹlẹ́dẹ̀ wà. Ti ramen, núdù inú omi ọbẹ̀, ló burú jù: bí wọn ò bá tiẹ̀ fi ẹran kankan lé e lórí, omi egungun ẹlẹ́dẹ̀ ló lè jẹ́.

Kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun nínú ìwé wọn, ẹ kọ́ àmì yìí: 豚. Ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn. 牛 ni màlúù, 鶏 ni adìẹ, 魚 ni ẹja. Ẹ kọ wọ́n sínú fóònù. Kí ẹ sì mọ gbólóhùn kan sórí: "Butaniku wa haitte imasu ka?" Ẹ ń bi wọ́n pé ṣé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọn kì í bínú sí i. Nínú ilé kékeré, ẹni tó ń sè é ló wà níwájú yín, òun fúnra rẹ̀ ló máa dáhùn, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ibẹ̀ ju ilé ńlá lọ. Ní ilé ńlá, ọmọ iléèwé tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí díẹ̀ lẹ máa bá, kò mọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀.

Lẹ́yìn ẹlẹ́dẹ̀, ọtí ló kàn. Mirin àti sake, wọ́n máa ń lò ó láti se nǹkan púpọ̀: ẹja tí wọ́n fi miso sè, teriyaki, omi tí wọ́n ń dà sórí adìẹ àti ẹyin. Àwọn kan nínú wa ní iná ti jó o tán, àwọn kan ní àwọn ò lè jẹ ẹ́. Èmi ò ní dá fátíwà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi alufáà yín. Ohun témi ń jẹ ni saba no shioyaki: ẹja Titus tí a mọ̀ nílé, iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi pa á, wọ́n wá yan án títí awọ rẹ̀ á fi máa dún lẹ́nu. Púpọ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ níbí, láti Norway ló ti ń wá. Àwọn kan máa ń wọ́n ọtí díẹ̀ sí i kó tó kan iná, ẹ bi wọ́n léèrè.

Bí ọkàn yín bá ń fà sí ẹran gidi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kawaguchi lorí yín dáa jù. Àwọn ará Kurdi pọ̀ níbẹ̀ àti ní Warabi, wọ́n ń ta kèbáàbù. Ẹ sì lè gba Yoyogi-Uehara lọ sí Tokyo Camii lọ́jọ́ Jímọ̀, ilé ìtajà halal wà nísàlẹ̀ mọ́sáláṣí náà.

Bàbá_Ìbejì_Nagoya

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ló ń lé àlejò padà lẹ́nu ọ̀nà!

Ní ọ̀pọ̀ ibi ramen, ibi gyudon (ẹran màlúù lórí ìrẹsì), àti ibi soba (irú núdù kan) tí wọ́n ń jẹ lóòró ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé kí lẹ fẹ́. Ẹ̀rọ kan wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, òun lẹ máa kọ́kọ́ sanwó fún. Ẹ fi owó sínú rẹ̀ ná. Bí owó bá ti wọlé, iná á tàn lára àwọn bọ́tìnnì tí owó yẹn ká. Ẹ tẹ èyí tẹ́ ẹ fẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì á já bọ́ sísàlẹ̀. Ẹ mú un, ẹ jókòó, ẹ gbé e sórí káńtà, wọ́n á wá mú un. Ṣéńjì yín ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kì í dá a padà fúnra rẹ̀. Irin kékeré kan wà tí ẹ máa yí, tàbí bọ́tìnnì tí wọ́n kọ おつり sí. Mo ti rí ẹni tó fi 9,000 yen sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó lọ jókòó, ìyá àgbà kan ló sáré gbé e tọ̀ ọ́ wá.

Bí gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i bá rú yín lójú, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó wà lókè pátápátá lápá òsì. Níbi ramen, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn sí. (Aláájì, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Kò kan ẹni tó ń yẹra fún ẹlẹ́dẹ̀.) Bí èrò bá tò sẹ́yìn yín, tí ẹ ò sì tíì mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú, ẹ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n kọjá.

Lórí owó: ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba wọn gbé owó bébà tuntun jáde. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á kàn máa pọ̀ ọ́ jáde ni. Owó ẹyọ 500 yen tuntun tó jáde lọ́dún 2021 náà ṣì ń rí ìṣòro níbòmíì. Ẹ̀rọ tuntun wọ́n, olóúnjẹ kékeré tó ń jèrè 50 yen lórí abọ́ kan kò lè kàn dìde kó lọ rà á. Nítorí náà ẹ máa tọ́jú owó ẹyọ 100 sápò, pẹ̀lú 1,000 yen àtijọ́ bẹ́ ẹ bá rí i. Ọkùnrin tó wà lórí 1,000 àtijọ́ yẹn, Noguchi Hideyo, oníṣègùn ni. Ibà apọ́njú ló ń wádìí kiri, Accra ni ibà náà pa á sí ní 1928. Ó máa ń ṣe mí bákan tí mo bá ń fi ojú rẹ̀ ra oúnjẹ.

Bẹ́ ẹ bá bi mí, ibi gyudon ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: Yoshinoya, Matsuya, Sukiya. Àwòrán wà, èdè Òyìnbó wà lára ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó ń wo ojú yín. Yoshinoya ti ń ta tiẹ̀ láti 1899, láti ọjà ẹja Nihonbashi. Bẹ́ ẹ bá ti mọ́ ọn lára, ẹ lè wá gbé noren.

Ìyá_Kòfó (Nerima, Tokyo)

Bàbá Ìbejì, mi ò fara mọ́ èyí o. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ níbi gyudon, ibẹ̀ ló máa wà títí ó fi máa padà sílé. Mo mọ àwọn tó ti pẹ́ níbí tí wọn ò tíì wọ ilé oúnjẹ àdúgbò wọn rí. Olóúnjẹ tó rí ọ lẹ́ẹ̀kejì á ti dá ọ mọ̀, lẹ́ẹ̀kẹta á máa bi ọ́ léèrè ara. Ìgbà tí ibà gbé mi dè, tí mi ò jáde, ìyá tó ń ta teishoku nísàlẹ̀ ilé mi ló fi ìrẹsì tó fi omi sè rán ọmọ rẹ̀ sí mi. Ẹ̀rọ wo ló máa ṣe ìyẹn?

Alátá_Chiba

Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ òótọ́ ibẹ̀ fún ọmọ náà? Oúnjẹ wọn kì í ta! Kò ta rárá! Ìgò ata gígún kékeré kan wà nínú báàgì mi, ibikíbi tí mo bá ń lọ ló ń bá mi lọ. Mo máa ń bù ú sórí ẹja, sórí ìrẹsì, kódà sínú miso.

Ìyá_Kòfó (Nerima, Tokyo)

Alátá, ṣé ìdí káńtà náà lo ti ń yọ ìgò? Níwájú ẹni tó sè é? Ó dà bí ìgbà tó o bá lọ sílé ìyàwó rẹ tó o mú ọbẹ̀ tìrẹ dání. Àbúrò, má gbọ́ tiẹ̀. Wo orí káńtà, wàá rí agolo kékeré pupa kan: shichimi. Ata wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan mẹ́fà míì, fi í tẹ́ ara rẹ lọ́rùn. Níbi gyoza àti ramen, epo ata wà, rāyu. Kò ní dà bíi rodo, ṣùgbọ́n wàá mọ̀ pé nǹkan kan fọwọ́ kan ahọ́n rẹ.

Alátá_Chiba

Ìyá, agolo yẹn? Mo ti da gbogbo inú rẹ̀ sórí udon (núdù wọn tó nípọn) rí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ kí ata bá òun wí, kó lọ síbi kọ́rì. Ní CoCo Ichibanya, ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló ń mú bó ṣe máa ta tó, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é.

Aláájì_Ìsẹ́yìn

Ẹ wo ohun tó wà nínú omi kọ́rì náà o. Ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, tàbí ọ̀rá rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ adìẹ lẹ rí lórí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Sendai

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sunkún ata, ẹ ò tíì débi natto ni. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè tí wọ́n fi sílẹ̀ kó dà, tó ń yọ̀, tó ń rùn. Kòkòrò tín-ín-tín tó ń sọ ọ́ di natto, Bacillus subtilis, òun náà ló wà nídìí irú tí ìyá wa ń fi sínú ọbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi láti Yúróòpù kì í lè jókòó tì í. Èmi, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, òórùn yẹn kò jọ mí lójú rárá, irú pẹ̀tẹ̀ ìyá ìyá mi le jù ú lọ. Ní ilé teishoku ẹ lè ní kí wọ́n fi kún tiyín, bíi 100 yen ni. Ẹ fi igi ìjẹun pò ó dáadáa títí okùn rẹ̀ á fi funfun, kẹ́ ẹ da omi sóyà díẹ̀ sí i pẹ̀lú mọ́sítáàdì, kẹ́ ẹ wá dà á sórí ìrẹsì gbígbóná. Kò ní ẹran, kò ní ọtí tó hàn síta, ẹ kàn wo omi tó bá a wá nínú ọ̀rá, torí omi ẹja sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Ilá náà wà. Wọ́n á bọ̀ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, gé e wẹ́wẹ́, wọ́n ẹja gbígbẹ tí wọ́n há tín-ín-rín lé e lórí. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni tororo. Iṣu ni o! Wọ́n á rin ín lórí irin, ó máa ń fà, ó funfun báláú, wọ́n á wá dà á sórí ìrẹsì tí wọ́n po ọkà báálì mọ́, láìgbé e kaná. Ìjẹ̀bú kan tó wà pẹ̀lú wa wò ó títí, ó ní ta ló kó ewùrà ìkọ́kọrẹ́ òun wá síbí, ta ló sì gbàgbé láti dáná. Ó jẹ ẹ́ tán ṣá, ó sì bù sí i.

Ní Sendai níbí, tororo máa ń bá ahọ́n màlúù yíyan rìn, gyutan, pẹ̀lú ọbẹ̀ ìrù màlúù. Láti ẹ̀yìn ogun àgbáyé kejì ni wọ́n ti ń sè é nílùú yìí. Ẹni tó fẹ́ràn ọbẹ̀ ìrù màlúù nílé máa fẹ́ ìyẹn. Owó rẹ̀ ti gòkè jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ṣá, kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ilé oúnjẹ fásitì yín ni kẹ́ ẹ máa jẹ nílé ìwé, kò sí ibi tó dínwó tó o, a sì máa ń rí àmì halal níbẹ̀ ní àwọn fásitì kan.

Ọmọ_Òṣogbo

Ẹ ṣé gan-an o, gbogbo yín. Ẹ̀rù mi ti dín kù. Mo ṣì ní ìbéèrè: báwo ni wọ́n ṣe ń pe ẹni tó ń gbé oúnjẹ? Ṣé mo máa fún wọn ní nǹkan lẹ́yìn tí mo bá jẹun tán? Ti igi ìjẹun yẹn ńkọ́, kí ni èèwọ̀ rẹ̀?

Ìyá_Kòfó (Nerima, Tokyo)

"Sumimasen!" Sọ ọ́ sókè, má tijú. Wọn kì í wá bá ọ títí o fi máa pè wọ́n. Má fún wọn ní nǹkan kan lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á sáré tẹ̀lé ọ dé títì pé o gbàgbé owó. Kò sí láàtò wọn. Owó oúnjẹ, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbà á. Àwo kékeré kan wà níbẹ̀, orí rẹ̀ ni kó o fi owó sí, má fi lé wọn lọ́wọ́. Bó o bá ń jáde, sọ pé "gochisousama deshita", ìyẹn ni pé o dúpẹ́ oúnjẹ. Wò bí ojú ẹni tó sè é ṣe máa tàn.

Èèwọ̀ igi ìjẹun: má gbé e dúró lóòró sínú ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ fún òkú. Bàbá Ìbejì á sọ ti èkejì.

Kó o sì gbé abọ́ ìrẹsì dání, lọ́wọ́ òsì. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ máa ṣépè tó bá rí ọ. Níbí, ẹni tó bá fi abọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì tó wá ń tẹ̀ ba lé e lórí ni wọ́n ń wò pé kò gbẹ̀kọ́.

Bàbá_Ìbejì_Nagoya

Èkejì: má fi igi ìjẹun rẹ gba nǹkan lórí igi ẹlòmíì. Tí wọ́n bá jó òkú tán, àwọn ẹbí máa ń fi igi mú egungun rẹ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì kí wọ́n tó kó o sínú ìkòkò. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Bó o bá fẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́ran, gbé e sórí àwo rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ udon tàbí soba lò ń jẹ, fà á kó dún, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí.

Òṣìṣẹ́_Alẹ́_Osaka

Mo pẹ́ kí n tó dé, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Tẹ́ ẹ bá lọ sí izakaya (ilé ọtí tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ) lálẹ́, wọ́n á gbé àwo kékeré kan síwájú yín tí ẹ ò ní kí wọ́n gbé wá. Otoshi ni, 300 sí 500 yen fún ẹnì kan, ó sì máa wà nínú owó yín. Wọn ò fẹ́ rẹ́ yín jẹ, owó ìjókòó ni. Ìjà ńlá ni mo ti rí lórí rẹ̀ láàárín àwọn àlejò àti àwọn olóúnjẹ, nítorí náà ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Sìgá: òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2020 lé e kúrò nínú ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, ṣùgbọ́n àwọn kékeré àtijọ́ kan ṣì rí ààyè. Ìwé máa wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ ọ́.

Aláájì, ní Osaka níbí, tí wọ́n bá kàn kọ "niku" láìsọ irú ẹran tó jẹ́, màlúù ni wọ́n ń wí. Ní Tokyo, kò rí bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ló lè jẹ́. Ẹni tó bá ń rìn láàárín ìlú méjèèjì, kó ṣọ́ra.

Sushi tí àwo rẹ̀ ń yí po, ọ̀dọ̀ wa ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Higashi-Osaka lọ́dún 1958. Ó ṣì wà lára ibi tí owó kékeré ń tó. Ẹ máa rí ẹ̀rọ omi kékeré kan níwájú yín. Omi tíì ni, ó gbóná fòò. Ẹ má fi fọwọ́! Tówẹ́ẹ̀lì tútù tí wọ́n fún yín ni ti ọwọ́.

Ti ìrẹsì: ọ̀pọ̀ ibi tẹ́lẹ̀, ẹ lè bù sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2024 tí owó ìrẹsì ti fò sókè, tó sì di ìlọ́po méjì nígbà tó fi máa di 2025, ọ̀pọ̀ ló ti dá a dúró tàbí tó ń gba owó díẹ̀ lé e. Ẹ béèrè kí ẹ tó bù. Bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò lè jẹ ẹ́ tán, ẹ sọ pé "gohan sukuname" kí wọ́n dín in kù láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí wọ́n di ìyókù fún èèyàn lọ sílé.

Owó tí wọ́n kọ sára ògiri, ẹ wò ó bóyá 税込 ló wà níbẹ̀ tàbí 税抜. Ti àkọ́kọ́, owó orí ti wà nínú rẹ̀. Ti èkejì, ẹ ṣì máa fi 10% kún un tẹ́ ẹ bá jókòó jẹ ẹ́, tàbí 8% tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sílé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìràwọ̀ orí fóònù tàn yín. Lórí Tabelog, ìkànnì tí wọ́n ti ń fi máàkì sí ilé oúnjẹ, wọ́n máa ń ṣahun nínú máàkì. 3.2 níbẹ̀, oúnjẹ gidi lè wà. Èmi, èrò tó ń tò síta lọ́sàn-án ni mò ń wò, tí wọ́n bá jẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí, kì í ṣe àwọn tó gbé kámẹ́rà dání.

Ìyá_Àjọkẹ́_Yokohama

Ọ̀rọ̀ kan péré. Ọmọ mi kò lè jẹ soba, ara rẹ̀ á wú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ má rò pé tẹ́ ẹ bá mú udon, ó ti bọ́. Ọ̀pọ̀ ilé kékeré, omi kan náà ni wọ́n fi ń bọ méjèèjì. Ẹ bi wọ́n.

Ọmọ_Òṣogbo

Ẹ ṣé o, ìyá. Ọjọ́ Àìkú yìí ni mo fẹ́ gbé noren yẹn. Mo ti kọ 豚 sínú fóònù, mo sì ti ń kọ́ gbólóhùn Aláájì sórí.

Bàbá_Ìbejì_Nagoya

Ọjọ́ Àìkú kẹ̀? Tó bá jẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń tà fún, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa sinmi lọ́jọ́ náà. Wo ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn, wá 定休日, ọjọ́ tí wọ́n kì í tà ló wà níwájú rẹ̀. Tó bá jẹ́ 日, Àìkú nìyẹn, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu. Lọ lọ́jọ́ Ajé, kí agogo méjìlá tó lù, kí èrò ọ́fíìsì tó dé.

Aláájì_Ìsẹ́yìn

Bẹ́ẹ̀ ni. Bó o bá débẹ̀, béèrè saba. Bí ó bá ti tán, béèrè ẹja sanma tàbí sake shioyaki. Sake tí mo wí yìí, ẹja ni o, ẹja salmon. Má jẹ́ kí àyà rẹ já tó o bá gbọ́ ọ.